Ẹnu Tí A Fi Búra: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Àgbà àti Pásítọ̀ Yorùbá ní Winnipeg

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àfaradà gbogbo wa ní ilẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í kọ lẹ́tà sí àgbà ní gbangba. Ilé ni mo kọ́kọ́ fẹ́ wá bá yín. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dá lóhùn yìí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n fi sọ ọ́, àwọn ọmọ wa sì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbínú dúró ná títí ẹ ó fi kà á tán.

Ọjọ́bọ̀ ni ìdílé méjì nínú wa búra láti di ọmọ Kánádà, Sátidé sì ni a péjọ sí gbọ̀ngàn láti bá wọn yọ̀. Ẹ ó rántí ọjọ́ náà. Àmàlà gbóná, aṣọ ẹbí pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn ọmọdé ń fi àsíá kékeré sáré kiri abẹ́ tábìlì. Wọ́n ní kí ọ̀kan nínú yín gbàdúrà fún àwọn tó búra. Kó tó gbàdúrà, ó gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó ní kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n san owó orí, kí wọ́n má jẹ́ kí Yorùbá parẹ́ lẹ́nu ọmọ wọn. Gbogbo wa ṣe àmín. Ó wá fi kún un pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ìyẹn bọ́dìn tí ìjọba Kánádà àti ṣọ́ọ̀ṣì kó àwọn ọmọ wọn lọ, da ọkàn wọn láàmú. Ó ní irọ́ ni, pé wọ́n wá òkú títí, wọn kò rí ẹyọ kan, owó ìjọba ni wọ́n ń wá. Ó ní, "Èmi náà lọ bọ́dìn. Wọ́n nà mí dáadáa. Ṣé mo kú ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Mo gbé àwo oúnjẹ mi sílẹ̀. Obìnrin kan ló wá sí mi lọ́kàn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìlú yìí, alẹ́ sì ni mo sábà máa ń ṣe é. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi tọ́jú ìyá àgbà kan, ọmọ Cree, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ibi tó ti wá, iṣẹ́ wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń tún ibùsùn rẹ̀ ṣe ni mo máa ń rí búrẹ́dì lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Nígbà mìíràn odindi, nígbà mìíràn ààbọ̀, a sì ti fi pépà ìnuwọ́ wé e mọ́ra dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń kó o dànù. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n fi í sílẹ̀. Agbára tó wà ní ọwọ́ yẹn yà mí lẹ́nu, ìyá tí kò lè dá síbí gbé dé ẹnu.

Ní alẹ́ ọjọ́ mìíràn, màmá mi pè mí láti Ìkirè. Mo rò pé ìyá àgbà ti sùn, mo bá dáhùn níbẹ̀. Nígbà tí mo pa fóònù, mo rí i pé ojú rẹ̀ là. Ó bi mí pé èdè wo nìyẹn. Mo ní Yorùbá ni, èdè ilé wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọn kò nà ọ́ nítorí rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gbà mí láyà, nítorí wọ́n nà mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi, ẹni tó bá sọ fànákúlà, mọ́nítọ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò san náírà márùn-ún tàbí kó tẹ́wọ́ gba ẹgba. Mo ṣàlàyé fún un. Ó mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó tún bi mí pé, "Tí ẹ bá wá jáde ńkọ́?" Mo ní tí a bá jáde, ilé ni mo ń lọ, màmá mi á sì bi mí ní Yorùbá pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Ó yí ojú sí fèrèsé. Ó ní, "Àwa kì í jáde."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi gbọ́ ìyókù, ní òru, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí lọ́rì wá kó wọn ní oṣù Kẹsàn-án, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n gé irun tí ìyá rẹ̀ dì fún un, wọ́n da kẹrosíìnì sí i lórí kí iná orí lè kú, bẹ́ẹ̀ kò sí iná ní orí rẹ̀. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ó lè gbàgbé ọjọ́ ìbí ara rẹ̀, kò gbàgbé nọ́ńbà yẹn. Ọ̀tọ̀ ni apá ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin, nítorí náà ilé oúnjẹ nìkan ló ti ń rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókèèrè, wọn kò sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ń tọ́jú búrẹ́dì tirẹ̀ fún un. Ní ìgbà òtútù ọdún kejì, ó wo ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń jókòó, ọmọ mìíràn ló bá níbẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ikọ́ ife. Kò padà mọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún ìyá wọn ibi tí wọ́n sin ín sí.

Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ó kàn ń ká etí bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Bàbá wa, mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ èyí. Bọ́dìn tí ẹ lọ, bàbá yín ló ta kòkó kó tó lè san owó rẹ̀. Ìyá yín ló di gaàrí àti ṣúgà àti ata díndín sínú àpótí onírin yín. Wọ́n ń wá bẹ̀ yín wò. Tí ẹ bá gba họlidé, gbogbo àdúgbò ń fi yín yangàn pé ọmọ wa tó ń kàwé dé. Olùkọ́ tó nà yín, ó lè jẹ́ ará ìlú kejì sí tiyín, àwọn òbí yín mọ ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n rán yín lọ kí ẹ lè padà wá gbé orúkọ ìdílé ga. Ilé-ìwé tí ìyá àgbà yìí lọ, kí ó má baà ní ìdílé tí yóò padà sí ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Bọ́dìn ni òyìnbó pe méjèèjì, a sì gbọ́ orúkọ kan náà, a rò pé nǹkan kan náà ni.

N kò sọ ọ́ láti orí ara mi. Ní ọdún 1883, Sir John A. Macdonald, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ olórí ìjọba Kánádà, dìde ní ilé aṣòfin, ó ní bí ilé-ìwé bá wà nínú ìletò àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ọmọ á máa gbé pẹ̀lú òbí rẹ̀ tí í ṣe ẹhànnà, á kàn di ẹhànnà tó mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni. Nítorí náà, kí wọ́n gba ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣí ilé-ìwé àkọ́kọ́ nínú irú èyí tí ìjọba ń náwó lé lórí, ní Battleford, Saskatchewan òde òní. Ní ọdún 1920, wọ́n fi í sí òfin pé dandan ni fún ọmọ láti ọdún 7 sí 15. Ọ̀gá ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn nígbà náà, Duncan Campbell Scott, sọ ọ́ láì fi bò pé àwọn kò ní sinmi títí kò fi ní sí ẹyọ ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Kánádà tí wọn kò tíì fà wọ inú àwùjọ orílẹ̀-èdè náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó lé ní 150,000 ọmọ tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ilé-ìwé 139 ni àdéhùn owó ìtanràn tí ìjọba bá wọn ṣe kà. Ìjọ Kátólíìkì ló di èyí tó pọ̀ jù mú, Áńgílíkà, United Church àti Presbyterian mú ìyókù. Kò sì jìnnà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Academy Road lọ síbi iṣẹ́, ọ̀kan wà níbẹ̀ láti 1958 títí di 1973, Assiniboia lorúkọ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ní Saskatchewan, ọdún 1996 ni wọ́n tì í. Mo ti ń wọ yúnífọ́ọ̀mù nígbà yẹn. Ẹni tó jáde níbẹ̀ lọ́dún yẹn lè jẹ́ ojúgbà mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi ọ̀rọ̀ òkú, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà.

Òótọ́ wà nínú ohun tí bàbá wa sọ, n kò ní fi pamọ́. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2021, àwọn Tk'emlúps te Secwépemc, ọmọ ìbílẹ̀ ní British Columbia, kéde pé rédà tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ ti fìdí òkú ọmọdé 215 múlẹ̀ ní àyíká ilé-ìwé Kamloops. Nígbà tó di oṣù Keje, onímọ̀ tó ṣe iṣẹ́ náà dín iye rẹ̀ kù sí 200 ibi tó ṣeé ṣe kó jẹ́ sàréè, ó sì ṣàlàyé pé àfi tí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ ni èèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Wọn kò tíì hú òkú kankan jáde níbẹ̀. Àwọn oníròyìn kan sì sọ̀rọ̀ kọjá ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n ní kòtò ńlá kan ni wọ́n kó òkú àwọn ọmọ dà sí. Àwọn Tk'emlúps fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Olóyè Cadmus Delorme ti Cowessess, ìlú ọmọ ìbílẹ̀ ní Saskatchewan, nígbà tó kéde sàréè 751 tí kò ní àmì ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe kòtò òkú, itẹ́ òkú tí wọ́n ti ṣí òkúta orí rẹ̀ kúrò ni. Ní ọdún 2023, ní Manitoba wa níbí, àwọn ará Pine Creek gbẹ́ abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan níbi tí rédà ti fi nǹkan 14 hàn. Wọn kò rí òkú. Ta ló kéde rẹ̀? Olóyè wọn fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó ń parọ́ kì í gbé ẹ̀rí tó tako ara rẹ̀ síta báyẹn.

Rédà kò lè sọ fún èèyàn pé egungun ni ohun tó wà nísàlẹ̀. Ó kàn ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti yí padà. Ó lè jẹ́ sàréè, ó lè jẹ́ gbòǹgbò igi, ó lè jẹ́ kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún nǹkan mìíràn. Gbígbẹ́ rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Ẹ̀yin àgbà ló yẹ kó sọ fún wa bí ó ti rí, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé a kì í ṣàdédé tú ilẹ̀ bàbá ẹni wò nítorí pé àlejò ní òun kò gbàgbọ́ pé òkú wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ, àwọn kan ní kí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Ìpàdé ẹbí ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ká tilẹ̀ ní kò sí rédà láyé, òkú àwọn ọmọ náà ṣì wà nínú ìwé ìjọba. Ní ọdún 1907, Dókítà Peter Bryce, oníṣègùn àgbà fún ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó wọn, lọ wo ilé-ìwé 35 ní agbègbè pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a wà yìí. Nínú 1,537 ọmọ tí ilé-ìwé 15 fún un ní ìròyìn wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó ti kú. Ní File Hills, Saskatchewan, nínú àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá, 69 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti di olóògbé. Ikọ́ ife ló pa èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ń kó aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ dá sínú yàrá kan náà, fèrèsé a wà ní títì pa nítorí òtútù, oúnjẹ kò tó. Bryce kọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Wọn kò ṣe é. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde ní 1922, ó pe ohun tó rí ní ìwà ọ̀daràn. Òyìnbó ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Owó wo ló ń wá?

Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà, tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ilé-ìwé yìí, náà ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láti 2008 di 2015. Adájọ́ Murray Sinclair, ọmọ Manitoba tó dolóògbé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ló jẹ́ alága rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu èèyàn tó lé ní 6,500, wọ́n wo ìwé ìjọba àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tó tó 3,200 ni wọ́n rí àkọsílẹ̀ ikú wọn. Nínú ìdá mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan tí wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì wọn tí wọn kò kọ ohun tó pa á. Yunifásítì Manitoba, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń gba oyè, ni wọ́n kó gbogbo ìwé náà sí, iye náà sì ti kọjá 4,100 báyìí. Ilé-ìwé tí ọmọ kú síbẹ̀, tí kò rántí kọ orúkọ ọmọ! Mo bí ọmọ méjì. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo pa ìwé náà dé, mo lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n sùn sí.

Àwọn mìíràn kú sójú ọ̀nà ilé. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1937, ọmọkùnrin mẹ́rin sá kúrò ní ilé-ìwé Lejac ní British Columbia, ọmọ ọdún 7 sí 9 ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ lọ bá àwọn òbí wọn. Orí yìnyín adágún Fraser ni wọ́n ti bá wọn, wọ́n ti gan. Ọ̀kan kò dé fìlà, bàtà rọ́bà ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣáná sí mọ́tò láàárọ̀ kí ẹ tó lè jókòó sínú rẹ̀, ẹ mọ irú òtútù tí mò ń sọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù lọ. Ẹgbẹ́ wa yìí, nígbà tí arákùnrin wa kan kú lójijì lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀yin àgbà yìí kan náà lẹ lọ láti ilé dé ilé. Dọ́là ogún, dọ́là àádọ́ta, títí owó fi pé láti gbé òkú rẹ̀ padà sí Ìjẹ̀ṣà. Pásítọ̀ wa sọ níjọ́ náà pé a kò ní fi ọmọ ẹni sílẹ̀ sí ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ìjọba Kánádà kì í fẹ́ san owó ọkọ̀ tí yóò gbé òkú ọmọ kúrò ní ilé-ìwé lọ sílé, wọ́n ní ó wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìyá kò gbọ́ pé ọmọ ti kú títí oṣù fi rékọjá. Ohun tí ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ yìí dá lé nìyẹn. Wọ́n ń béèrè ibi tí ọmọ wọn sùn sí. Ẹ̀yà wo láyé yìí ló yẹ kó tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yé ju àwa lọ?

Ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú kú ní oṣù Kejì tó kọjá. Àwọn ẹbí rẹ̀ fi mọ́tò gbé e lọ sílé, ìrìn wákàtí mẹ́jọ nínú yìnyín. Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Èmi ni mo tú ibùsùn rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, búrẹ́dì méjì ni mo bá lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ti kọ́ mi ní orúkọ búrẹ́dì ní èdè wọn, *pahkwêsikan*. N kò lè kó o sínú garawa ìdọ̀tí.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká sọ iye rẹ̀ síta. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006 fún ẹni tó bá gbé nínú ilé-ìwé náà ní dọ́là 10,000 fún ọdún àkọ́kọ́, àti 3,000 fún ọdún kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tàbí tí wọ́n lù ṣe léṣe, wọ́n ní láti dúró níwájú adájọ́ kí wọ́n sì máa tú àṣírí ara wọn sílẹ̀. Ìyá wo nínú wa ló máa gba dọ́là 10,000 kó fi ọmọ ọdún mẹ́fà sílẹ̀?

Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ní 2021, wọ́n sun ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ yìí. Ìwà burúkú ni, àwọn àgbà ọmọ ìbílẹ̀ pàápàá bu ẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí àwọn ìyá wọn ṣì ń jọ́sìn nínú àwọn kan lára ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní láti sẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó lè gbèjà ìgbàgbọ́. Àwọn ìjọ tó ṣe é ti jẹ́wọ́. Áńgílíkà tọrọ àforíjì ní 1993, Presbyterian ní 1994, United Church ní 1998. Póòpù Francis, tí kò lè rìn dáadáa mọ́, wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Maskwacis ní Alberta ní oṣù Keje 2022, ó tọrọ ìdáríjì lórí ilẹ̀ wọn. Ṣé a wá fẹ́ mọ̀ ju ẹni tó ń jẹ́wọ́ lọ ni?

Nǹkan kan sì wà tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa máa sọ. CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Áńgílíkà, tó rán Townsend lọ sí Abẹ́òkúta, tí Àjàyí Crowther ti inú rẹ̀ jáde, òun náà ló ran àlùfáà John West lọ́wọ́ láti wá sí etí odò Red River ní 1820, ibi tí a ń pè ní Winnipeg lónìí. West kó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ mélòó kan lọ sí ilé-ìwé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Henry Budd, ọmọ Cree. Ọdún 1843 ni wọ́n fi Crowther joyè àlùfáà, ní 1850 wọ́n fi Budd jẹ díákónì, òun sì ni ọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà tí Áńgílíkà gbé irú oyè bẹ́ẹ̀ lé lórí. Èdè Cree ló fi ń wàásù. Wọ́n tẹ odindi Bíbélì ní èdè Cree jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, ṣáájú kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Ó yẹ kí èyí dà wá lọ́kàn rú. Èdè tí wọ́n fi tẹ Bíbélì, òun ni wọ́n wá ń na ọmọ fún láàárín ogójì ọdún. Tiwa, Crowther àti àwọn tó tẹ̀ lé e kọ ọ́ sílẹ̀, ó dàgbà, a fi ń kọrin, a fi ń jà, èmi náà ń fi í kọ lẹ́tà sí yín. Kì í ṣe pé a gbọ́n jù wọ́n lọ. Ìjọba tó wà níbẹ̀ ń wá ilẹ̀ tí yóò fi tẹ́ àwọn àlejò sí, ó sì rí ìyá tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Cree bí ẹni tó dúró sí ọ̀nà. Àwa tí a dé lẹ́yìn, orí ilẹ̀ yẹn ni a kọ́ ilé sí.

Ìyẹn ló mú mi padà sí Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ìgbìmọ̀ Sinclair béèrè fún nǹkan 94. Ẹ lọ wo méjì tó gbẹ̀yìn, 93 àti 94. Ọ̀rọ̀ àwa àlejò ni. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìtàn yìí kọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá di ọmọ Kánádà, kí wọ́n sì yí ìbúra padà. Ní oṣù Kẹfà 2021, ilé aṣòfin yí i padà lóòótọ́. Ẹni tó bá búra láti ọjọ́ yẹn, ó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yóò pa òfin Kánádà mọ́, àti òfin-ìpìlẹ̀ tó jẹ́wọ́ tó sì fìdí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, First Nations, Inuit àti Métis, múlẹ̀, títí kan ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní nínú àdéhùn. Àdéhùn Kìíní, tí ìjọba àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ jọ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ 1871, ló bo ilẹ̀ tí gbọ̀ngàn wa wà. Mo ka ìbúra náà pẹ̀lú ọkọ mi ní 2022. A na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Nílé wa, ẹni tó bá fi ẹnu kan irin Ògún kì í jáde síta kó máa fi ohun tó sọ ṣe yẹ̀yẹ́, Mùsùlùmí tó fi Kùránì búra kò ní ṣe é, ẹni tó fi Bíbélì búra kò ní ṣe é. Àwọn ìdílé méjì yẹn dárúkọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ nínú ìbúra wọn ní Ọjọ́bọ̀. Ní Sátidé, a gbé gbohùngbohùn, a pe àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní òpùrọ́ níwájú ìdílé méjì náà, a sì ṣe àmín.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin Winnipeg, Leah Gazan, mú àbá òfin wá ní 2024 pé kí ó di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa sẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé-ìwé náà lọ́nà tó ń ru ìkórìíra sókè. Àbá náà kò di òfin kí ilé náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Èmi kò gbà pé ẹ̀wọ̀n ló yẹ àgbà tó sọ̀rọ̀ láì wádìí. Kí ọmọ rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ ni mo gbà pé ó yẹ, òun ni mò ń ṣe yìí.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Bàbá wa, n kò ní kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gba gbohùngbohùn kan náà ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí ẹ sọ fún àwọn ìdílé méjì yẹn pé ẹ ti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ọmọ mi ọmọ ọdún méje ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn lọ sílé-ìwé ní gbogbo 30 oṣù Kẹsàn-án, nítorí Phyllis Webstad, ẹni tí ìyá rẹ̀ àgbà ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun aláwọ̀ ọsàn fún nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1973, tí wọ́n sì bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ilé-ìwé, tí kò tún fojú kàn án mọ́. Ọmọ mi wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Nínú mọ́tò nígbà tí a ń lọ sílé, ó bi mí pé ta ló parọ́, ṣé tíṣà rẹ̀ ni àbí bàbá àgbà.

Ilé-ìwé tó wà ní Portage la Prairie ṣì dúró, wọn kò wó o. Àwọn ará Long Plain ló ni ilé náà báyìí, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ láti ibí. Mo ti bá ẹni tó ní bọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ fún 30 oṣù Kẹsàn-án, ó gba èèyàn mẹ́rìnlélógún, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la ó gbéra láti iwájú gbọ̀ngàn wa. Orúkọ mọ́kànlá ti wà nílẹ̀, ìdílé méjèèjì tó búra sì wà nínú rẹ̀. Èmi ni màá se oúnjẹ. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìjókòó mẹ́rin tó wà níwájú, nítorí orúnkún ẹ̀yin àgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
òṣìṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, Winnipeg